Ṣé àbúrò lè gba ìbùkún àkọ́bí lọ?

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ rèé. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kọ́lé, òun ṣì ń háyà ilé gbé. Wòlíì kan wá sọ fún un pé àbúrò náà ti gba ogún ìbí rẹ̀ bí Jákọ́bù ṣe gba ti Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kó gbààwẹ̀ kó lè gbà á padà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wí.

Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó fi ojú ọ̀tá wo ọmọ ìyá yín.

Ohun méjì ni wòlíì yẹn pa pọ̀. Ogún ìbí yàtọ̀ sí ìbùkún. Lédè Hébérù, bekorah ni ogún ìbí, berakah ni ìbùkún. Wọ́n jọra létí, ṣùgbọ́n Ísọ̀ fúnra rẹ̀ dárúkọ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tó ń sunkún nínú Jẹ́nẹ́sísì 27. Ogún ìbí jẹ mọ́ dúkìá àti ipò nínú ilé bàbá. Diutarónómì 21 ní ìlọ́po méjì ni kí wọ́n fún àkọ́bí: bí ọmọkùnrin bá jẹ́ méjì, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n á pín in sí, àkọ́bí á mú méjì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín ogún ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá, ìdí kan ò ju ìdí kan lọ, Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, sì ń di ilé mú fún gbogbo ọmọ ni. Ẹ tún rántí pé ẹnikẹ́ni ò jí ogún ìbí Ísọ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ tà á, ó búra lé e, nítorí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin ò ta nǹkan kan fún àbúrò yín.

Ìbùkún ni Jákọ́bù fi ẹ̀tàn gbà, ó pe ara rẹ̀ ní Ísọ̀ níwájú bàbá wọn. Kí ló fi jẹ? Ó sá nílé, ó fi 20 ọdún sin Lábánì, arákùnrin ìyá rẹ̀. Òun tó sọ ara rẹ̀ di àkọ́bí, Líà, àkọ́bí Lábánì, ni wọ́n mú wọlé fún un ní alẹ́ ìgbéyàwó dípò Rákélì àbúrò rẹ̀ tó fẹ́, Lábánì sì ní wọn kì í fi àbúrò fọ́kọ níbẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó kó 200 ewúrẹ́ àti ọ̀pọ̀ ẹran mìíràn ṣáájú láti fi tu Ísọ̀ lójú, ó sì wólẹ̀ nígbà méje. Ísọ̀ tí a ní wọ́n ti gba tọwọ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú 400 ọkùnrin, ó dì mọ́ ọn, ó ní, “Mo ní tó, àbúrò mi.” Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbólóhùn yẹn wàásù níbi tí wọ́n ti ń gba ògo padà.

Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 48 lálẹ́ òní. Jákọ́bù ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti bàìbàì. Jósẹ́fù to ọmọ rẹ̀ méjì síwájú bàbá: Mánásè àkọ́bí sí ọwọ́ ọ̀tún, Éfúráímù sí òsì. Bàbá gbé ọwọ́ kọjá ara wọn, ọ̀tún bọ́ sórí àbúrò. Inú bí Jósẹ́fù, ó di ọwọ́ bàbá mú kó lè gbé e kúrò. Bàbá ní, “Mo mọ̀, ọmọ mi, mo mọ̀.” Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pa ìwé dé. Ó ṣì kù: ó ní Mánásè náà yóò di ènìyàn ńlá. Ọwọ́ òsì yẹn súre. Títí di òní, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn bàbá Júù máa ń gbé ọwọ́ lé orí ọmọkùnrin wọn pé kí Ọlọ́run ṣe é bí Éfúráímù àti Mánásè. Orúkọ méjèèjì ni wọ́n ń pè.

Ó yẹ kí èyí yé Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ṣebí Kẹ́hìndé ló rán Táyéwò pé kó lọ tọ́ ayé wò, ẹni tó kẹ́yìn dé la sì ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Àwọn ìbejì Támárì nínú Jẹ́nẹ́sísì 38 náà rí bẹ́ẹ̀: agbẹ̀bí ti so òwú pupa mọ́ ọwọ́ Sérà, ló bá fa ọwọ́ padà, Pérésì jáde. Ìlà Pérésì ni Jésù ti wá, síbẹ̀ Mátíù 1 kọ orúkọ Sérà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni, Kristi ni àkọ́bí láàárín arákùnrin púpọ̀, Róòmù 8 ló wí bẹ́ẹ̀. Hébérù 12 wá pe ìjọ ní ìjọ àwọn àkọ́bí, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ẹni púpọ̀ ni “àkọ́bí” níbẹ̀ lédè Gíríìkì: gbogbo ọmọ inú ìjọ, àti àbíkẹ́yìn, àti ọmọbìnrin, ló ń jẹ́ àkọ́bí. Àbúrò yín ò lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ yín, nítorí òun náà wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ gbà á. Ẹ bèèrè ilé tiyín lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ẹ bá sì máa dárúkọ àbúrò yín nínú àdúrà náà, ẹ súre fún un.