Àárín awẹ́ méjì ni diazepam ń wọ̀: bí a ṣe ń ka àwòṣe GABA-A láì ṣìnà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè lórí àwòṣe 6X3X, ìyẹn àwòrán rìsẹ́pítọ̀ GABA-A (purotéènì inú awọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí kẹ́míkà GABA ń ṣí) tí diazepam, oògùn tó ń dín ẹ̀rù kù, ti wọ̀, ohun méjì ló rú yín lójú: diazepam fara hàn ju ibi kan lọ, histidine 129 (ọ̀kan lára ásíìdì amínò tí wọ́n fi kọ́ purotéènì náà) tí UniProt, àkójọ purotéènì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ sílẹ̀ kò sì sí níbi tí ẹ wá a sí. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ fojú inú wo obì aláwẹ́ márùn-ún tí ihò gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí rìsẹ́pítọ̀ GABA-A ṣe rí nìyẹn bí a bá ti ìta sẹ́ẹ̀lì wò ó láti òkè. Jíìnì 19 ló ń ṣe awẹ́ wọ̀nyí lára èèyàn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ ní α1 méjì, β2 méjì àti γ2 kan. Bí ẹ bá kà á ní òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ẹ ó rí γ2, β2, α1, β2, α1. Ètò yìí gan-an ni kókó, nítorí àárín awẹ́ méjì ni oògùn ń wọ̀, níbi tí ojú + ti ọ̀kan ti kan ojú − ti èkejì (orúkọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì awẹ́ kọ̀ọ̀kan lásán ni + àti −). Ẹni tó bá ní “α1 ni diazepam ń dì mọ́” kò tíì sọ nǹkan kan: α1 méjì ló wà, ọ̀kan nínú wọn ò sì fara kan γ2 rárá.

GABA fúnra rẹ̀ ń wọ àárín β2 (+) àti α1 (−). Irú ibẹ̀ jẹ́ méjì, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí GABA méjì, tí Glu155 àti Tyr205 ti β2 (orúkọ ásíìdì amínò àti nọ́ńbà ipò rẹ̀) wà lápá kan, tí Arg67 ti α1 wà lápá kejì. Àárín α1 (+) àti γ2 (−) ni diazepam ń wọ̀, ẹyọ kan péré, láàárín His102 (histidine) ti α1 àti Phe77 ti γ2.

Nínú ChimeraX, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo àwòṣe, ẹ tẹ “open 6X3X”, lẹ́yìn náà “select :ABU” fún GABA, kí ẹ tó tẹ “select :DZP :<4”, tí yóò mú gbogbo ásíìdì amínò tó wà láàárín 4 Å (ìdá bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà ni Å kan) sí diazepam jáde. Orúkọ awẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe lẹ́tà tí wọ́n fi sàmì sí i. Lẹ́tà inú 6HUP, àwòṣe mìíràn tó lo β3 dípò β2, kò bá ti 6X3X mu. Diazepam tí His102 wà létí rẹ̀ ni èyí tí iye oògùn tí aláìsàn ń lò ń dé. Àwọn yòókù wà nísàlẹ̀, nínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Àárín β2 (+) àti α1 (−) níbẹ̀ ni etomidate àti propofol, oògùn ìkunnilóorun fún iṣẹ́ abẹ, náà ń wọ̀. Àfi tí diazepam bá pọ̀ gan-an ló tó ń dé ibẹ̀, bí wọ́n sì ṣe po èròjà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti nọ́ńbà, UniProt (P14867, nọ́ńbà α1 níbẹ̀) ń ka ásíìdì amínò 27 àkọ́kọ́ tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé sọnù mọ́ ọn. Ẹ yọ 27 kúrò nínú 129, ó ku 102. Ti eku tún fi ẹyọ kan dín, 101. Fún γ2, 39 ni wọ́n ń gé: R43Q, ìyípadà tó ń fa gìrì ibà àti wárápá ọmọdé, ni ìwé míì ń pè ní R82Q. Mo ti rí i tí wọ́n to méjèèjì sínú tábìlì kan náà bí ẹni pé àrùn méjì ni!

Histidine yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Arginine ló wà ní ipò rẹ̀ lára α4 àti α6, diazepam kò sì ríbi wọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1999, wọ́n fi arginine rọ́pò rẹ̀ lára α1 eku: diazepam ò lè kùn wọ́n lóorun mọ́, ó sì tún ń dín ẹ̀rù wọn kù.

Ẹ máa ṣọ́ra pẹ̀lú ihò náà. Ọ̀pá lílọ́ mẹ́rin, M1 sí M4, ni awẹ́ kọ̀ọ̀kan fi gba inú awọ kọjá, M2 ló sì yí ihò ká. Bí GABA bá wà níbẹ̀, òrùka leucine (9′, nọ́ńbà ipò lára M2) á ṣí, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ (−2′) lè fún pa. Kì í ṣe àṣìṣe: GABA ti pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó di rìsẹ́pítọ̀ náà sí yìnyín láti yà á, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé ó ti ti ihò rẹ̀ pa bó tilẹ̀ jẹ́ pé GABA ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àwòṣe ọdún 2018 tí wọ́n ṣe nínú ọṣẹ (tó ń bọ́ ọ̀rá awọ kúrò lára purotéènì) láì dá ọ̀rá padà ni kí ẹ má fi wọn ihò. Apá inú awọ ti γ2 kò dúró déédéé níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe nínú nanodisc, abala awọ ọ̀rá róbótó kékeré, ni kí ẹ lò.

Ẹ má sì wá okùn gígùn tó so M3 mọ́ M4 nínú 6X3X. Wọ́n ti gé e, wọ́n fi ìdè kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Nínú 6HUP wọn ò gé e, ṣùgbọ́n ó ń mì jù fún cryo-EM (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ohun tó dì sí yìnyín) láti rí.