Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Karaoke, Gbohùngbohùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra àpótí karaoke kan ṣoṣo (ẹ̀rọ tó ń lu orin kí ẹ lè máa fi ohùn yín kọ ọ́ tẹ̀lé e), tí ẹ ó máa lò nílé, tí ẹ ó sì tún máa gbé lọ síbi òwò yín lópin ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, nítorí ohun tí èmi náà ṣe gan-an nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì náwó lórí ohun tó yẹ kí n ná an lé lórí lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó fà mí lójú mọ́ra ni 1000 watt tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé agbára tí ẹ̀rọ lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá kan kọ́ ni agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́ títí di òru. Agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́ títí yìí, tí wọ́n ń pè ní RMS, ni kí ẹ wá nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Bí ó bá tó 50 watt RMS, ó ti tó fún pálọ̀.

Gbohùngbohùn, ìyẹn maikirofóònù tí a ń kọrin sí, ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyàwó mi ní ohùn tó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n nígbà tó fi gbohùngbohùn tó bá àpótí náà wá kọrin, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Mo yá gbohùngbohùn oníwáyà kan, irú èyí tí àwọn akọrin ń lò lórí ìtàgé tí wọ́n ń pè ní dynamic, mo tì í bọ ihò àpótí kan náà, ohùn ìyàwó mi sì padà mọ́ gaara. Irú gbohùngbohùn yìí kò nílò iná 48 volt tí irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní condenser sábà máa ń béèrè, ohùn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ló sì ń gbà jù. Kí ẹ rí i dájú pé àpótí tí ẹ fẹ́ rà ní ihò 6.35 mm fún un. Kí ẹ sì kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọrin pé kó má fi ọwọ́ bo orí gbohùngbohùn, kó má sì kọjú rẹ̀ sí spíkà, nítorí àwọn nǹkan méjì yìí ló sábà máa ń mú kí ẹ̀rọ han gooro.

Ẹ ṣọ́ra fún Bluetooth pẹ̀lú. Kò burú fún gbígbọ́ orin lásán, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ohùn pẹ́ kó tó jáde fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti kọ ọ́ tán kò ní lè bá orin náà rìn. Wáyà ni kí ẹ fi so gbohùngbohùn àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ àpótí náà.

Ní ti ibi òwò, ẹ má gbé àpótí ilé lọ síbẹ̀ rárá. Tèmi gbóná ní nǹkan bíi wákàtí méjì, ó pa ara rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, kò sì sí ohun tí mo lè yọ láti fi òmíràn rọ́pò, nítorí ohun gbogbo ló wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹ ra míkísà (ẹ̀rọ tó ń da ohùn akọrin àti orin pọ̀), spíkà àti gbohùngbohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbohùngbohùn aláìníwáyà, ẹ mú èyí tó ń lo ìgbì rédíò tí wọ́n ń pè ní UHF, kí gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbì tirẹ̀. Ẹ máa tú irin orí wọn, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ kànìnkànìn inú rẹ̀ déédéé, nítorí itọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wọ ibẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lílo orin náà ní gbangba pẹ̀lú, torí owó tí ẹ ń san fún lílo orin nílé kì í sábà ká ibi òwò.

Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ máa kọrin sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ yín kò bá lè dúró níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.