Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Tòmátì tí ó ga láìlágbára, ata tí ó kọ̀ láti hù, àti òtútù tí kò fẹ́ lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo gbin tòmátì àti ata sínú àwọn ike kéékèèké, mo sì tò wọ́n sójú fèrèsé nínú ilé, ní ìrètí pé bí ìgbà ìrúwé bá fi máa wọlé tán, wọn yóò ti tó gbìn sínú ọgbà. Tòmátì tètè hù, ṣùgbọ́n ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń wó. Méjì nínú wọn tilẹ̀ ṣubú lóru ọjọ́ kan, ìdí wọn sì ti rà. Ata ní tirẹ̀ kò tíì yọjú rárá. Òtútù ìta kò rọlẹ̀, ìrì dídì ṣì ń bo koríko láràárọ̀. Ṣé kí n da gbogbo rẹ̀ nù kí n tún òmíràn gbìn ni, àbí ọ̀nà kan wà tí mo lè fi tọ́jú wọn títí ojú ọjọ́ yóò fi dára?

Ìdáhùn: Ẹ má da nǹkan kan nù o. Púpọ̀ nínú àwọn tòmátì yẹn ṣì ṣeé gbà là, ó sì ṣeé ṣe kí ata yín ṣì wà láàyè nínú ilẹ̀ níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn kan náà wo àwọn méjèèjì, nítorí ohun tí ń ṣe Lébánjọ kò ṣe ọmọ rẹ̀: tòmátì yín ń wá ìmọ́lẹ̀, ata yín ń wá ooru.

Ní àkókò tí òtútù bá pẹ́ kí ó tó lọ, ooru àti ìmọ́lẹ̀ kì í dé pọ̀ nínú ilé. Ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru ti sọ yàrá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ojú fèrèsé wọlé, pàápàá nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ di alẹ́, kò tíì kúrò ní ti ìgbà òtútù. Ooru ń ti ọ̀gbìn pé kí ó máa dàgbà, ìmọ́lẹ̀ kò sì tó èyí tí yóò fi ṣe oúnjẹ tí ìdàgbà náà ń béèrè, ni ó bá kó gbogbo agbára rẹ̀ sínú gíga, kí orí rẹ̀ lè tètè bọ́ síbi tí ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí ń bi mí pé kí irúgbìn tó hù, ooru ni kí wọ́n wá fún un. Gbàrà tí ó bá ti hù, ìmọ́lẹ̀ ni, kí wọ́n sì dín ooru náà kù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ata ṣáájú. Ooru ilẹ̀ tí irúgbìn sùn sí ni ó ń mọ̀ lára, kì í ṣe ooru yàrá. Ilẹ̀ tí ó rin a máa tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, nítorí pé omi tí ń gbẹ kúrò lójú rẹ̀ ń gbé ooru lọ. Ike tí ó bá sì fara kan gíláàsì fèrèsé lóru yóò tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgàgà bí ẹ bá fa kọ́tìnì, tí ike wá há sáàárín kọ́tìnì àti gíláàsì níbi tí ooru yàrá kò lè dé. Ẹ ki tẹmomítà bọ inú ilẹ̀ náà ní ìdájí kí ẹ wo iye tí yóò kà. Ata fẹ́ kí ilẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n Celsius 24 sí 29. Bí ó bá jẹ́ 15 ni, ó lè lo ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí ó tó yọjú, tàbí kí ó kúkú rà síbẹ̀. Ìwọ̀n 21 sí 27 tẹ́ tòmátì lọ́rùn, ìyẹn ni ó fi ṣáájú ata jáde.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi igi ìtayín rọra wa irúgbìn ata kan jáde, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le, tí inú rẹ̀ sì funfun nígbà tí ẹ bá là á, àwọn tó kù ṣì ń dúró de ooru ni. Bí ó bá fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tí omi sì ń jáde lára rẹ̀, ó ti rà, ẹ tún òmíràn gbìn. Bí ó bá wà láàyè, ẹ gbé àwọn ike náà sórí ẹní oníná tí wọ́n ṣe fún irúgbìn, tàbí síbi gíga kan nínú ilé tí ó máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́sàn-án lóru. Ẹ má gbé wọn lé orí ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru tààrà, yóò se irúgbìn náà ni. Ẹ fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bo ojú wọn kí ilẹ̀ má baà gbẹ. Irúgbìn ata kò nílò ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù, nítorí náà ibi tí ó ṣókùnkùn kò ní pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ti rí ọrùn àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ kọrọdọ jáde láti inú ilẹ̀, ẹ ṣí ọ̀rá kúrò, kí ẹ gbé ike náà bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú òkùnkùn àti ooru ti tó láti sọ ọ́ dà bí tòmátì yín. Létúsì, ewé tí a ń jẹ ní tútù, ni kí ẹ má ṣe fi irú ooru báyìí hù: bí ilẹ̀ bá gbóná ju 27 lọ, púpọ̀ nínú irúgbìn rẹ̀ yóò kọ̀ láti hù.

Ní ti tòmátì, fèrèsé nìkan kò ní tó. Bí a bá sún ike sẹ́yìn kúrò lójú fèrèsé ní mítà kan péré, ìmọ́lẹ̀ tí ń kàn án á dín kù gidigidi, bí ojú ènìyàn kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ ra iná LED funfun. Kò di dandan kí ó jẹ́ aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń polówó fún ọ̀gbìn. Ẹ so ó sókè orí àwọn ọ̀gbìn náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, gẹ́gẹ́ bí agbára iná náà bá ṣe tó, kí ẹ sì máa gbé e sókè bí wọ́n ṣe ń ga. Wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ ni kí ó máa tàn, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á, nítorí tòmátì nílò òkùnkùn òru, bí iná bá sì ń tàn sí i láìdáwọ́ dúró, ewé rẹ̀ yóò máa pọ́n. Nígbà kan náà, ẹ gbé wọn kúrò nínú yàrá tí ó gbóná jù lọ nílé. Ìwọ̀n 18 sí 20 lọ́sàn-án àti nǹkan bíi 16 lóru ni yóò mú kí igi wọn ki. Ẹ lè máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọra rá orí wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí fáànù kékeré máa fẹ́ sí wọn jẹ́ẹ́jẹ́: ọ̀gbìn tí nǹkan ń mì a máa kúrú, a sì máa le.

Èyí tí ó ti ga kọjá ààlà kò lè kúrú mọ́, ṣùgbọ́n tòmátì ní ẹ̀bùn kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn kò ní, èyí ni pé gbòǹgbò lè yọ lára igi rẹ̀ níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti bò ó. Nígbà tí ewé gidi bá yọ tẹ̀lé ewé méjì tí ó kọ́kọ́ jáde, ẹ mú ike tí ó jìn díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ilẹ̀, kí ẹ fi ìdí ṣíbí ti gbòǹgbò sókè láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀gbìn náà ní ewé, kí ẹ má ṣe mú un ní igi láé. Bí ewé kan bá já, òmíràn yóò yọ. Bí ẹ bá fún igi rẹ̀ pọ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ rì í sínú ilẹ̀ ike náà títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ ewé méjì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Ní ti ata, ẹ má rì í jù bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kì í tètè ta gbòǹgbò lára igi bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì tí ó ṣubú lóru ni ó kọ mí lóminú jù. Bí ẹ bá wò wọ́n dáadáa, ẹ óò rí i pé ibi tí igi ti pàdé ilẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ti tín-ín-rín bí òwú, bí ẹni pé ènìyàn fi èékánná já a lára. Àrùn ni. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín inú ilẹ̀, bíi Pythium àti Rhizoctonia, ni wọ́n ń fà á, ilẹ̀ tí ó tutù tí omi sì kún bámúbámú ni wọ́n sì fẹ́ràn. Èyí tí ó bá ti mú kò ní sàn. Ẹ bù ú pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ nù. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má bomi rin wọ́n láti òkè mọ́. Ẹ gbé ike tí ó ní ihò nísàlẹ̀ sínú abọ́ omi tí kò tutù, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fa ìwọ̀nba fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ da ìyókù nù, kí ẹ má sì tún fún un lómi títí ojú ilẹ̀ yóò fi gbẹ tí ike yóò sì fúyẹ́ bí ẹ bá gbé e. Bí ẹ bá tún gbìn, ẹ fọ ike dáadáa, kí ẹ lo ilẹ̀ tuntun tí a pò fún irúgbìn, kì í ṣe èyí tí ẹ bù nínú ọgbà. Àwọn kan a máa wọ́n sinamọ́nì lílọ̀ sí i. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ tí ó gbẹ àti afẹ́fẹ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ lè rí i pé ìsàlẹ̀ ewé tòmátì di aláwọ̀ àlùkò. Ẹ má tìtorí rẹ̀ sáré bu ajílẹ̀ sí i. Nígbà tí gbòǹgbò bá wà nínú òtútù, kì í lè fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ọ̀gbìn tí àìtó rẹ̀ ń fa àwọ̀ yẹn, bí ó tilẹ̀ wà nínú ilẹ̀, àwọ̀ náà sì sábà máa ń yí padà bí ilẹ̀ bá ti móoru. Ajílẹ̀ olómi tí a là sí ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, lẹ́yìn tí ewé gidi bá ti yọ, ti tó.

Bí òtútù bá ń pẹ́ sí i, ẹ má fi ipá mú ọjọ́ ìgbìn. Ẹ tún ṣí àwọn tòmátì sínú ike tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí gbòǹgbò bá ti ń yọjú ní ihò ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n sí ibi tútù díẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọn yóò rọra máa dàgbà láìbàjẹ́. Bí ẹ bá ní apálá tàbí elégédé lọ́kàn, ó ti yá jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin péré ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò bọ́ síta ni kí ẹ tó gbìn wọ́n, nítorí wọ́n ń yára dàgbà, wọn kò sì fẹ́ kí a da gbòǹgbò wọn láàmú.

Nígbà tí ìrì dídì bá dáwọ́ dúró, kì í ṣe ọjọ́ náà ni kí ẹ kó wọn jáde pátápátá. Ewé tí ó dàgbà lẹ́yìn gíláàsì kò tíì rí oòrùn gidi rí; bí ẹ bá gbé e sínú rẹ̀ lójijì, yóò jó, àmì funfun bíi bébà yóò sì hàn lára rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sí abẹ́ òjìji níbi tí ìjì kò ti lè bá wọn fún wákàtí kan tàbí méjì lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ sì máa kó wọn wọlé lálẹ́. Tòmátì lè sùn síta nígbà tí òru kò bá lọ sílẹ̀ ju 10 mọ́. Ẹ jẹ́ kí ti ata tó 13, kí ilẹ̀ ọgbà fúnra rẹ̀ sì tó 16. Bí òtútù bá tún padà lẹ́yìn tí ẹ ti gbìn wọ́n, ẹ fi garawa tàbí aṣọ bò wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, kí ooru ilẹ̀ lè há sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i láàárọ̀. Bí ọ̀rá ni ẹ ní, ẹ fi igi gbé e sókè, nítorí ibi tí ọ̀rá bá ti kan ewé ni òtútù yóò ti mú un.