Ta ló ń gbálẹ̀ lórí pápá? Ìtumọ̀ "sweep" nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ìyá kan ní Houston béèrè pé ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nílé ìwé, kóòṣì wọn a sì máa pariwo "sweep". Ọmọ ní "gbálẹ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá ní ta wá ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọmọ yín ò parọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìgbálẹ̀ náà ni. Ṣebí èdè tiwa gan-an, gbá là ń gbá ilẹ̀, gbá náà là ń gbá bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé tiwọn sáré. Ìtumọ̀ rẹ̀ lórí pápá ni pé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kò ní forí la àárín èrò. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà, àwọn kan á sì ti máa gbá ọ̀nà níwájú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tò ni gbogbo ọ̀rọ̀. Èèyàn 11 ni wọ́n, kò sì gbọ́dọ̀ ju 4 lọ tó máa dúró lẹ́yìn ìlà tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Lórí ìlà, ẹni tó ń ti abẹ́ rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sẹ́yìn wà láàárín, gáàdì kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tackle kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé wọn. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ni wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n á fi tight end, ẹni tó ń dúró ní ìparí ìlà, kún un lọ́tùn-ún, kí ògiri lè gùn níbẹ̀. Pápá fẹ̀ tó yáàdì 53 àti díẹ̀; bí bọ́ọ̀lù bá wà nítòsí òsì, ọ̀tún ni àyè pọ̀ sí.

Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, àwọn gáàdì méjèèjì ò ní ti ẹni iwájú wọn. Wọ́n á fà sẹ́yìn, wọ́n á yí, wọ́n á sáré gba ẹ̀yìn ìlà lọ sí ọ̀tún. Èyí àkọ́kọ́ á ti ẹni tó ń bọ̀ láti ìta sọ́hùn-ún, èkejì á dínà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti inú. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà. Bí egúngún àti atọ́kùn ni: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù, tó bá ya àwọn gáàdì rẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan ni yóò pàdé èrò.

Àṣírí kékeré kan wà. Gáàdì tó fẹ́ sá lọ kì í fara ti ọwọ́ tó fi kanlẹ̀. Alátakò tójú rẹ̀ dá máa ń wo ìka yẹn.

Vince Lombardi ló sọ ọ́ di ohun àpéwò. Láti 1959 di 1967 tó fi jẹ́ kóòṣì Green Bay Packers, ní ìlú kékeré kan ní Wisconsin, ife ẹ̀yẹ líìgì 5 ló gbà. Gbogbo alátakò ló mọ̀ pé sweep ń bọ̀: àwọn gáàdì Jerry Kramer àti Fuzzy Thurston níwájú, Paul Hornung tó gbé bọ́ọ̀lù lẹ́yìn wọn. Mímọ̀ yẹn ò sì gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. John Madden, tí òun náà padà di kóòṣì ńlá, ní òun jókòó gbọ́ Lombardi fún wákàtí 8 lórí sweep nìkan. Ẹ̀mí mi ò gbé wákàtí 8, àmọ́ mo lóye rẹ̀.

Ẹ bi ọmọ yín níbi tó ń dúró sí. Bó bá jẹ́ gáàdì ni, òun gan-an ni ìgbálẹ̀.