Kí là ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ìdáhùn láti Lágéré

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó ń fi kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, jẹun ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, bóyá kóòdù nìkan ló ń kọ, àti irú laptop tó yẹ kó o rà kó o tó jáde ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣe é, ní Lágéré. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Kóòdù kíkọ kéré nínú ẹ̀. Kíkà ló pọ̀, pàápàá kóòdù ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò ṣàlàyé ohunkóhun. Láàárọ̀, wàá wò ó bóyá nǹkan bàjẹ́ mọ́jú lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò yín ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ ó ṣe ìpàdé kékeré, kálukú á sọ ohun tó ń ṣe àti ohun tó dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà wàá mú iṣẹ́ kan, wàá ṣe é, wàá dán an wò, ẹlòmíì á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé. Git tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, àtàwọn irinṣẹ́ yòókù, o ti mọ ìyẹn. Bó o bá ń bá àwọn ará Jámánì ṣiṣẹ́, aago wọn àti tiwa dọ́gba nígbà òtútù wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Kọ ọ́ síbi tí wàá ti máa rí i.

Ọ̀rọ̀ bug, ìyẹn àṣìṣe inú ètò, ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọjọ́ ń bá lọ.

Ètò tí à ń bójú tó nígbà náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ìyá kan tó ń tajà ní Sábó wá sọ pé àwọn ti san owó oṣù, àwọn ò rí i nínú àkáǹtì àwọn. Akọ̀wé tẹ orúkọ wọn, kọ̀ǹpútà ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ṣí gbogbo orúkọ wò, ìyá náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì gan-an! Lẹ́tà sí lẹ́tà, orúkọ méjèèjì kò yàtọ̀ lójú. Owó wà nínú ọ̀kan, èkejì ṣófo. Kí á tó mọ̀, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń fura sí akọ̀wé pé ó jẹ owó. Ọmọbìnrin yẹn kò jẹun ọ̀sán mọ́, ẹkún ló ń sun. Èmi náà ò sùn dáadáa, torí mo mọ̀ pé inú ètò wa ni ọ̀rọ̀ náà wà, mi ò sì tíì rí i. Mo wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo wo database tí à ń kó orúkọ pamọ́ sí, mo wo kóòdù tó ń wá orúkọ títí ojú fi ń ro mí.

Lẹ́tà ọ́ tó wà nínú orúkọ ìyá náà ló fà á. Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ló ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà ó ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ́, tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Fóònù kan lè kọ lẹ́tà ọ kó fi àmì ohùn lé e. Kọ̀ǹpútà mìíràn lè kọ lẹ́tà ó kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Òmíràn lè kọ o lásán kó to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ mẹ́ta ni.

Ẹgbẹ́ náà sanwó gidi mú onímọ̀ kan wá láti Èkó. Kò ka kóòdù kankan. Ó ní kí á yọ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ, pé ta ló tún ń fi àmì kọ orúkọ. Inú ṣì ń bí mi di òní. Bó o bá yọ àmì, Ọ̀kẹ́ àti Òkè á di ẹnì kan náà, owó á tún wọ àkáǹtì ẹlòmíì. Àwọn tó ni orúkọ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ta ló fún wa láṣẹ láti yí i padà? Mo kọ̀ jálẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù, Python ní unicodedata.normalize, JavaScript ní normalize. Yan NFC, ìlànà tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà kọ lẹ́tà kan di ọ̀kan ṣoṣo, lò ó fún orúkọ kó tó wọ database, kó o sì tún lò ó fún ohun tí èèyàn tẹ̀ nígbà tó ń wá orúkọ. Àkáǹtì tó ti di méjì ló fìyà jẹ wá, torí èmi àti akọ̀wé ló jókòó ti rìsíìtì, tí à ń dá owó kálukú padà síbi tó yẹ. Àwọn tó fura sí akọ̀wé bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Orúkọ tó wá láti báńkì burú ju ìyẹn lọ. Database àtijọ́ tó ń lo latin1, ìlànà lẹ́tà àtijọ́ kan, kò mọ lẹ́tà ọ rárá, àmì ìbéèrè ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀, lẹ́tà tó bá sì ti di àmì ìbéèrè ti lọ nìyẹn. Ní MySQL, tó jẹ́ irú database kan, utf8mb4 tó mọ gbogbo lẹ́tà Unicode ni kó o máa lò. Mo kọ lẹ́tà sí báńkì náà léraléra. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí ìṣòro lọ́dọ̀ àwọn.

Má fi ìdá owó pamọ́ bíi 0.1 o. Nínú JavaScript, 0.1 + 0.2 ń fún ọ ní 0.30000000000000004. Kọ́bọ̀ ni kó o fi pamọ́, ní odindi nọ́ńbà.

Má sì gbọ́kàn lé àwọn oníná. Wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe tiransifọ́mà, iná á dé pẹ̀lú agbára, á sì jó ṣájà rẹ. Bó o bá ti parí nǹkan kékeré kan, fi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti laptop, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB á gbé ọ dé ibi kan. Bí owó bá wà, ra 16GB. Bátìrì ni kó o yẹ̀ wò jù: lò ó láìfi ṣájà sí i nínú ṣọ́ọ̀bù wọn kó o tó sanwó.