Ẹ jẹ́ kí bàbá yín wọ ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin mi. Ẹ ní bàbá yín tó bá ECOMOG, àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà ti fẹ̀yìn tì, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fà á pé kó wá wọ ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́ ládùúgbò yín, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ rò pé owó ẹgbẹ́ lásán ni wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ bàbá arúgbó. Ẹ tún béèrè ohun tí ẹ máa ṣe sí mẹ́dà, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ológun, àti ìwé tó kún inú àpótí rẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kó lọ. Bí agbára bá wà, ẹ tiẹ̀ bá a san owó ẹgbẹ́ náà.

Ẹ má rò pé torí ìrẹsì ọdún tí wọ́n máa ń pín ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò tó nǹkan. Ohun tí ẹgbẹ́ yẹn ní tí ẹ ò lè rí níbòmíì ni ẹlẹ́rìí: àwọn tó mọ bàbá yín kí wọ́n tó bí yín, tó mọ bàtálíọ̀nù tó wà, tó mọ orúkọ tó ń jẹ́ ní bárékè, tó sì lè dúró níwájú adájọ́ kí wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ojú wa rí nǹkan ká tó mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó.

Bàbá tiwa wọ iṣẹ́ sójà ṣáájú ogun abẹ́lé. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ń kọ orúkọ kì í ní sùúrù fún orúkọ ìdílé. Bí èèyàn bá ní Àlàbí lòun ń jẹ́, tí wọ́n bi í níbi tó ti wá, tó ní Ìsẹ́yìn, "Alabi Iseyin" ni wọ́n máa kọ, ó di orúkọ rẹ̀ nìyẹn títí dọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹ bi àwọn ọmọ sójà àtijọ́ wò, wọ́n pọ̀ tí orúkọ ìlú wà lórí ìwé bàbá wọn. Bọ́rọ̀ tiwa náà ṣe rí nìyẹn: orúkọ ìlú ni bàbá ń jẹ́ ní Army, orúkọ bàbá rẹ̀ ni àwa ọmọ ń jẹ́ níléèwé. Ẹnikẹ́ni ò ka nǹkan kan sí i, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ BVN dé. Báǹkì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé sí ní orúkọ méjèèjì ò bára mu, wọ́n sì dá owó dúró. Bàbá ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà. Owó ẹ̀kọ tí ìyá wa ń tà la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo lọ sí báǹkì yẹn títí ó fi sú mi. Alága ẹgbẹ́ wọn ló gbọ́, ló bá mú bàbá kan wá sílé wa, bàbá gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó ń fi ọ̀pá rìn. Bàbá wa ò fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀ mọ́, ó máa ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Bí bàbá yìí ṣe wọlé, kò kí i rárá. Ó kan na ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó sì pariwo mọ́ ọn bí ọ̀gá sójà pé kó ka nọ́ńbà rẹ̀. Bàbá wa tó ń sùn lórí àga ka nọ́ńbà Army rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kedere, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò náà rẹ́rìn-ín, ó ka tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló tẹ̀ lé ti bàbá wa gan-an! Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ orúkọ wọn, wọ́n jọ wà ní Depot, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tuntun, ní Zaria, ibùsùn wọn sún mọ́ra. Òun ló bá wa dé kóòtù lọ búra pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìlú yìí àti ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé yìí, ẹnì kan náà ni. Ìwé ìbúra yẹn àti lẹ́tà ẹgbẹ́ ló jẹ́ kí báǹkì tú owó sílẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú, omíràn tún dé. Ẹni tó fi sílẹ̀ bí ajogún lórí ìwé nígbà tó ń wọṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí kò tíì gbéyàwó nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ọ̀hún sì ti kú tipẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn bàbá ẹgbẹ́ bi ìyá wa ni pé, "Ìyàwó wa, ṣé ó gbé ìgbéyàwó yín wọ Part Two Order?" Ìyá wa ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ló ṣàlàyé fún wa pé bí sójà bá gbéyàwó tàbí tó bímọ, ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé yẹn ní bàtálíọ̀nù rẹ̀. A tú àpótí títí, a rí ẹ̀dà kan láàárín ìwé oògùn àti ìwé owó iná, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bébà yẹn ló sọ ìyá wa di ìyàwó lójú ìjọba.

Nítorí náà, kí bàbá yín ṣì wà láàyè, ẹ jókòó tì í. Ẹ wo orúkọ orí ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò níṣẹ́, ẹ wo ti NIN, ti BVN àti ti báǹkì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í léèrè ta ló kọ sílẹ̀ bí ajogún. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sí i ló rọrùn jù láti tún un ṣe. Military Pensions Board ní Abuja ló ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí, torí náà bí ẹnì kan bá ní kí ẹ gbé ìwé lọ fún PFA kankan, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá òṣìṣẹ́ tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ẹ má dá a lóhùn.

Jìbìtì sì wà nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ o. Nígbà tí àwọn sójà àtijọ́ ń lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìjọba ní Abuja torí owó tí wọ́n ń pè ní debarment, ìyẹn owó tó yẹ kí wọ́n san fún sójà tó fẹ̀yìn tì kó má bàa fi ìmọ̀ ogun rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì, àwọn kan wá ládùúgbò wa, wọ́n ní ẹgbẹ́ tuntun làwọn, kí bàbá kọ̀ọ̀kan san owó fọ́ọ̀mù káwọn tó lè bá wọn gba tiwọn. Wọ́n wọ bẹ̀rẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kí kíkí ológun. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló dá Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́ (tí wọ́n ti ń pè ní Veterans Federation of Nigeria báyìí), sílẹ̀, abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààbò ló sì wà. Ẹ bi ẹ̀ka tí wọ́n ń pe bàbá yín sí bóyá àwọn ẹ̀ka yòókù ní ìpínlẹ̀ yín mọ̀ wọ́n. Kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó ìwé, ẹ̀dà ni kó fún wọn. Káàdì ATM ò tiẹ̀ gba àlàyé.

Ní ti ìtàn, èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá wa ò sọ ogun fún wa rí. Tí a bá béèrè, á ní, "Ogun ò dáa," á dìde. Ìpàdé ẹgbẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, torí èmi ni mo máa ń bá wọn kọ lẹ́tà. Ẹnì kan á kàn ní "Ó le kú, ìjà Orè!" báyìí, ó parí. Ọ̀kan á ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ báyìí, èkejì á ní irọ́ ni, oòrùn ló ń mú, torí òun rántí bí ẹsẹ̀ òun ṣe bó nínú bàtà. Inú àríyànjiyàn yẹn ni òótọ́ ti ń jáde. Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn bàbá yín sílẹ̀, ẹ má dá a jókòó síwájú fóònù. Ẹ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mọ́ ọn. Ẹ má sì bi wọ́n ní ìtàn ogun, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ ní Monrovia ní Làìbéríà, ẹni tó ń sè é, ibi tí wọ́n ti ń bu omi.

Ẹ má fi falẹ̀. Àwọn tó lọ ogun Boma (Burma) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ti tán nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnikẹ́ni ò sì gba ohùn wọn sílẹ̀. À ń kọjá ní bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn lójoojúmọ́. Ní Èkó, Dodan, Arakan àti Myohaung wà. Ibi tí àwọn bàbá ńlá wa ti jagun ní Boma ní 1944 sí 1945 ni gbogbo rẹ̀, nínú Dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Isaac Fadoyebo láti Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ kọ tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: bí ìbọn ṣe bà á ní àfonífojì Kaladan ní 1944, tí ará abúlé kan sì fi òun àti ọmọ Sàró kan pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí àwọn ará Japan má bàa rí wọn. Ó kú ní 2012. Torí pé ó kọ ọ́ la ṣe mọ̀ ọ́n lónìí.

Ní January 15, ẹ bá bàbá yín lọ síbi àyájọ́ àwọn akọni, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun. November 11 ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bíi tàwọn òyìnbó. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 ni wọ́n wá gbé e sí. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú máa ń gùn, àwọn ẹyẹlé tí wọ́n ń tú sílẹ̀ kì í sì í fẹ́ fò nígbà míì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú àwọn bàbá yẹn nígbà tí kàkàkí bá ń dún, kí ẹ tó sọ fún mi pé yíyan bí ọmọdé ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́dà. Ẹ má fi eérú tàbí Omo fọ̀ wọ́n, aṣọ gbígbẹ ti tó. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí wọn, ẹ kọ orúkọ ogun tó ti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sára àpò bébà tí ẹ fi í sí, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún yín. Àwọn kan máa wá tí wọ́n á ní àwọn ń ra nǹkan àtijọ́. Bí ẹ bá tà á fún wọn, ẹ lè kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá ní kí wọ́n fi wọ́n sin òun, ẹ gbà fún un, fọ́tò ti wà lọ́wọ́ yín. Ìwé nìkan ni kí ẹ má jẹ́ kó bá a wọlẹ̀.