Níbo Ni Àyè Wà Láti Kọ̀wé?

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági, Mọ́níyà ni mo sì ń gbé. Ó wù mí láti máa kọ ohun tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi máa délé, tí mo dáná, tí mo sì wo iṣẹ́ iléèwé àwọn ọmọ, oorun ti dé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtajà, ìyá wa. Ẹ fi alẹ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré tí ó lè wọ inú báàgì yín, kí ẹ sì máa kọ ìlà mẹ́ta péré lọ́sàn-án nígbà tí oníbàárà kò bá pọ̀, irú bíi: “Ọjọ́rú. Obìnrin kan yẹ lééṣì wò títí, ó ní òun ń bọ̀. N kò rí i mọ́.” Ẹ má kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú rẹ̀ o, nítorí pé ìṣirò owó kì í pẹ́ gba gbogbo ojú ìwé. Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tí ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní iṣẹ́ lọ́wọ́ púpọ̀, síbẹ̀ ó kọ ìwé ìrántí tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé náà sì wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má wulẹ̀ san án padà. Ti òní ni kí ẹ kọ.